Òkúta Ajéwọlé àti Òkè Tó Ń Rọbí

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri yìí, ta ni nínú yín ló lè sọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á ni. Òkúta ló fà á. Ẹni tó bá ní òwe náà ti wà kí yunifásítì tó dé, kó mú ìwé ọjọ́ ìbí òwe náà wá ká jọ kà á.

Ajéwọlé lorúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó dá a sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ òkúta ló ń kọ́ ní yunifásítì. Òkúta ibẹ̀ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu jù, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ iná: ó yọ́ nínú ilẹ̀ bí òrí, ó wá tutù, ó dì. Èkejì ni èyí tó ti jìyà. Ooru àti ìwúwo ilẹ̀ há a mọ́lẹ̀ títí ìwà rẹ̀ fi yí padà. Mo mọ àwọn èèyàn tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa wọn.

Ajéwọlé ti kùnà nínú ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan. Oyèníyì, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú ìyá kan náà, ti wá bá a ní kíláàsì. Bí ó bá tún kùnà, àbúrò ni yóò kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù oyè, ẹ̀gbọ́n yóò sì bá a gbé báàgì dání nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Àwòrán yẹn kì í jẹ́ kí Ajéwọlé jẹun yó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Arínládé, obìnrin tó ń kọ́ wọn, kó wọn lọ sí abúlé Òkè-Mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ òkúta ibi kọ̀ọ̀kan sí i. Òfin kan ló fún wọn.

“Ara àpáta tó fìdí múlẹ̀ ni kí ẹ ti fi òòlù ṣẹ́ òkúta. Èyí tí ẹ bá bá lójú ọ̀nà, alárìnkiri ni. Ẹ má gba ẹ̀rí ẹ̀.”

Ó ní òun ń padà bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ó ku ọ̀la kó dé, Ajéwọlé ò tíì ya nǹkan kan. Oòrùn mú. Oyèníyì gun òkè kìíní, ó gun ìkejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi kaṣú. Ibẹ̀ ló ti rí òkúta dúdú kan lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń dán bí ìgò, tí ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀ bíi kànìnkànìn. Nígbà tí Oyèníyì sọ̀ kalẹ̀, Ajéwọlé na òkúta náà sí i.

“Òkúta òkè oníná nìyí. Iná ti tú jáde níbí rí. Wo ihò tí afẹ́fẹ́ gbà jáde lára ẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti ṣẹ́ ẹ?”

“Nílẹ̀.”

“Ilẹ̀ wo?”

“Ilẹ̀ mélòó ló wà?”

“Ẹ jẹ́ ká wá ibi tó ti ṣí wá.”

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ṣé torí pé o fẹ́ ṣáájú mi jáde lo ṣe ń jowú òkúta mi?”

Oyèníyì ki òòlù rẹ̀ bọ báàgì.

Ilé Baálẹ̀ ni wọ́n wọ̀ sí. Nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, Ajéwọlé gbé òkúta náà kalẹ̀, ó ròyìn rẹ̀. Baálẹ̀ dáwọ́ oúnjẹ dúró.

“Iná tó o ní ó tú jáde yẹn, ṣé ó ti kú ni, àbí ó ń sùn?”

Bí Ajéwọlé bá ti ní òun ò mọ̀, kò ní sí ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kùnà rí kì í fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀.

“Bàbá, irú iná yẹn kì í kú. Ẹ máa ṣọ́ èéfín. Ẹ sì máa tẹ́tí, bóyá ilẹ̀ á dún.”

Nígbà tó di àárọ̀, èéfín yọ lẹ́yìn òkè kẹta. Láìpẹ́, ilẹ̀ ń dún: gbì, gbì, gbì. Ohun tí wọ́n ti ń rí, tí wọ́n ti ń gbọ́, láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní kéèyàn máa ṣọ́ nǹkan, yóò rí i ṣáá ni. Ariwo ta, ó dé àgbẹ̀dẹ Ògúndíjọ níbi tó ti ń lu ọkọ́, pé òkè fẹ́ bú. Ògúndíjọ ju ọmọ owú sílẹ̀. Ó sáré dójú ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí èéfín, ó fi kún eré.

Ilẹ̀ wá dákẹ́. Ìyẹn ló kó jìnnìjìnnì bá wọn jù.

“Ńṣe ló ń mí sínú,” ni Baálẹ̀ wí, ló bá gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rù.

Gbogbo abúlé ṣí. Oyún Àṣàkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ibẹ̀, ti pé oṣù, kò sì sí nínú èrò pé kí ó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ó bí ọmọkùnrin sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ kúkú mọ̀ pé ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà kì í dúró de ọjọ́ ìkómọ, ó ti mú orúkọ tirẹ̀ dání. Wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n ń pè é ní Abíọ́nà.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Arínládé ti pàdé wọn.

“Ẹ yí ọkọ̀ padà, màdáámù,” ni Baálẹ̀ wí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Ọmọ yín ní òkè wa lóyún iná. Àtàárọ̀ ló ti ń rọbí.”

“Ta ló rí oyún náà?”

Ajéwọlé yọ òkúta jáde nínú áńkáṣíìfù. Ọ̀jọ̀gbọ́n yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Kí lorúkọ ẹ̀?”

Ó dárúkọ rẹ̀.

“Ta ló bí i?”

“Òkè oníná, mà.”

“Ilé wọn dà?”

“Ìdí igi kaṣú ni mo ti rí i, mà.”

“Mú wa lọ síbẹ̀.”

Gbogbo èrò tẹ̀ lé wọn padà. Láti ìdí kaṣú, òkúta dúdú mìíràn wà níwájú, òmíràn tún wà níwájú ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń tóbi sí i, títí wọ́n fi dé ẹ̀yìn àgbẹ̀dẹ Ògúndíjọ, lẹ́yìn òkè kẹta. Òkìtì òkúta náà ga dé èjìká. Èéfín ṣì ń yọ lójú iná tí alágbẹ̀dẹ sá fi sílẹ̀, ọmọ owú tó ń mú ilẹ̀ dún sì wà níbi tó jù ú sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú ọ̀kan, ó fi òòlù là á. Nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀.

“Ajéwọlé, òkè oníná tìrẹ yìí, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn?”

Ògúndíjọ wúkọ́ láàárín èrò. “Ìdàrọ́ mi nìyẹn. Ẹ̀gbin tí irin ń yà sílẹ̀ nínú iná ni.”

Baálẹ̀ yíjú sí i. “O mọ̀, o sì sá?”

“Kò sẹ́ni tó fi òkúta hàn mí, Bàbá. Èéfín ni wọ́n ní kí n wò.”

“Èéfín ilé ẹ?”

“Ta ló ń sá fún òkè tó tún ń ro ti ilé?”

Àṣàkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó nàka sí ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún, tí àdìẹ ń sùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. “Ilé mi rèé, kò ṣe nǹkan kan. Lásán ni ọmọ mi di Abíọ́nà? Ẹ bá mi dá orúkọ náà padà.”

“Irú orúkọ yẹn kì í ṣe é dá padà,” ni Baálẹ̀ wí. Ó sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀, ó jókòó lé e. Ó wo òkúta, ó wo ọmọ. “Àwọn méjì la sọ lórúkọ, a ò sì bojú wo ilé ẹnì kankan nínú wọn.”

Oyèníyì gba oyè lọ́dún yẹn. Ajéwọlé ló gbé báàgì. Nígbà tó di ìdánwò ọdún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀jọ̀gbọ́n Arínládé gbé òkúta kan síwájú rẹ̀, ó ní kó sọ ọ́ lórúkọ. Ajéwọlé ò fọwọ́ kàn án.

“Mà, ẹ kọ́kọ́ mú mi dé ilé wọn.”

Ó yege. Abíọ́nà ti dàgbà ní Òkè-Mẹ́ta báyìí, inú ilé tí wọn ò bí i sí ló ń gbé. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ pè é, tó bá kọ́kọ́ pòṣé kó tó dáhùn, ẹ má bínú sí i. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.