Kẹ́ẹ̀gì Ajílẹ̀ Tó Tú Coconut Ká

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tiẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi: ọjọ́ tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì ajílẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ ní Coconut, páàkì àwọn tírélà ní Apapa.

Onídìrí ni mí ní Boundary, Olodi-Apapa ni mo ń gbé. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata sínú àpò yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, ṣùgbọ́n wọn ò dàgbà. Ewé wọn pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Àǹtí Rísí, àbúrò màmá mi, ló ní òun mọ oògùn ẹ̀.

Àǹtí Rísí ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà fún àwọn awakọ̀ tírélà ní Coconut. Wọ́n ní táǹkì ńlá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn tí wọ́n ń da ìgbẹ́ màlúù àti ìyókù oúnjẹ sí. Gbogbo ẹ̀ á jẹrà níbẹ̀, gáàsì á jáde lára ẹ̀, wọ́n á fi dáná. Omi dúdú tó bá ṣẹ́kù, ìdí ata ni wọ́n ń bu ú sí, ata ọ̀hún sì ń so bí ẹni tó ń bínú.

Wọ́n bu omi náà kún kẹ́ẹ̀gì kan fún mi. "Fi omi là á kó o tó bu ú sí nǹkan o. Má sì dé e pa, ó ṣì ń mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Omi wo ló ń mí? Nígbà tí mo rántí pé inú kẹ̀kẹ́ ni mo máa gbé òórùn yẹn wọ̀, mo dé e pinpin, mo tún fi ọ̀rá wé e lọ́rùn. Èmi ọlọ́gbọ́n. Mo wá gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn, mo lọ ń ná wíìgì lọ́wọ́ obìnrin kan, ó sì pẹ́ kí n tó padà.

A ò tíì rìn jìnnà nínú kẹ̀kẹ́ tí mo fi rí i pé kẹ́ẹ̀gì náà ń sanra. Ikùn ẹ̀ yọ, ó ń tì mí lórúnkún. Mo gbọ́ "ssss" láti ọrùn ẹ̀. Mo gbójú sókè, táńkà epo ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ti fi sìgá sẹ́nu, ó ń wá ìṣáná nínú àpò.

Ìgbà yẹn ni ọpọlọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Gáàsì tó ń se ẹ̀wà fún gbogbo páàkì ló wà láàrin ẹsẹ̀ mi yìí!

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáná yẹn."

"Kí ló dé, àǹtí? Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì?"

Ajílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ náà. "Gáàsì ni," ni mo wí.

"Gas ke? For my kẹ̀kẹ́?" Oníkẹ̀kẹ́ tẹ bíréèkì, ó bẹ́ sílẹ̀. "E wan blow o!"

Coconut tú ká. Mẹkáníìkì sá kúrò lábẹ́ mọ́tò, awakọ̀ táńkà já bọ́ sílẹ̀, ó fi táńkà sílẹ̀. Èmi náà gbéra, ìró mi há sára irin kẹ̀kẹ́. Mo fà á, kò ya. Ẹni tó tà á fún mi búra pé aṣọ náà kì í ya. Òótọ́ ló sọ.

Ó wá ku èmi àti kẹ́ẹ̀gì. Mo ké pe Jésù ti màmá mi, mo ké pe Ọlọ́run tí bàbá mi ń kí ní mọ́sáláṣí. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ lèèyàn ń yan ọ̀kan. Mo dijú, mo yí ọmọrí kẹ́ẹ̀gì náà díẹ̀díẹ̀.

Fùùù! Ọmọrí fò lọ, omi dúdú náà tú sókè, ó kọlu òrùlé kẹ̀kẹ́, ó padà wá bá mi lójú, lẹ́nu, nínú irun. Iná kankan ò sọ.

Mo rò pé ó ti tán ni. Àwọn èèyàn padà wá, ẹ̀rù wọn ti di ìbínú.

"Òun ló gbé bọ́ǹbù wá!"

"Na shit she carry o!"

"Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé!"

"Àlàyé kí ni?"

Ibi tí mo ti ń kólòlò ni mo ti rí ọkùnrin kan tó ń yí táyà bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ta ni ò mọ ohun tí táyà àti èrò tó ń bínú máa ń ṣe féèyàn? Mo kúnlẹ̀: "Ẹ ṣàánú mi, ọmọ mi ṣì kéré!"

Ọkùnrin náà wò mí tìyanutìyanu. "Madam, abeg shift. Na customer tyre be this." Fọkanáísà ni, ìgbà tó ń sá ni táyà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń yí i padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Àǹtí Rísí. "Ẹ fi í sílẹ̀! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni! Ajílẹ̀ lásán ni, ìgbẹ́ màlúù. Gáàsì ẹ̀ náà ni mo fi se ẹ̀wà tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀ yìí!"



"Mama," awakọ̀ kan bi wọ́n jẹ́jẹ́, "na cow shit cook my beans?"

Ojú tí Àǹtí Rísí fi wò mí, kí kẹ́ẹ̀gì ti bú gbàmù sàn jù ú lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn awakọ̀ ń dimú kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, kí ebi tó dá wọn padà.

Tẹ̀tẹ̀ mi ti ga dé fèrèsé báyìí. Mo máa ń fi omi la ajílẹ̀ náà dáadáa, inú korobá ni mo sì ń gbé e, aṣọ fẹ́lẹ́ ni mo fi ń bo orí ẹ̀. Mo ti kọ́ ọ pé tí àgbà bá ní nǹkan ń mí, kéèyàn bi wọ́n léèrè kó tó rẹ́rìn-ín. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Coconut ò sì gbàgbé mi. Bó jẹ́ báàgì ọwọ́ lásán ni mo gbé, wọ́n á ní, "Madam, open am first." Mo máa ń ṣí i fún wọn, gbogbo èrò inú kẹ̀kẹ́ á yọrùn wò ó, èmi náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?