Ọ̀gá Dígí Tẹ̀lé Táńkà

Bí ẹ bá rí awakọ̀ bàálù tó ń fi gíláàsì fèrèsé wo irun imú ara rẹ̀ nígbà tí bàálù ń rìn, òun náà nìyẹn. Orúkọ tó sọ ara rẹ̀ ni Ọkọ Àwọ̀sánmà, Bàbá Ìjì, Àwòdì Onífìlà. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ: Ọ̀gá Dígí.

Ìlà wúrà mẹ́rin ló máa ń wà léjìká ọ̀gá awakọ̀. Márùn-ún ló wà léjìká Ọ̀gá Dígí. Ó ní kí télọ̀ bá òun fi ọ̀kan lé e, torí àwọn onímẹ́rin kì í ṣe ẹgbẹ́ òun.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, igbákejì rẹ̀ ló mú bàálù balẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn lé orí ẹní. Inú èrò dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Dígí tẹrí ba fún ilẹ̀kùn tó wà ní títì pa.

"Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ́ mi sí?"

Igbákejì tẹjú mọ́ ọ̀nà iwájú. Ìwé ìgbéga rẹ̀ wà nínú báàgì ọ̀gá yìí, kò tíì fọwọ́ sí i, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

Lóòótọ́, ọkàn Ọ̀gá Dígí kò sí nínú bàálù. Alága iléeṣẹ́ wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà kẹta, níbi tí bàálù yóò dúró sí, pẹ̀lú àwọn oníròyìn àti kámẹ́rà wọn, ó fẹ́ kéde ẹni tí yóò jẹ olórí gbogbo awakọ̀. Ohun tó kù fún Ọ̀gá Dígí ni kó sọ̀ kalẹ̀, kó rẹ́rìn-ín.

Ohùn kan wọlé látinú ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí bàálù. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ tẹ̀lé mọ́tò yẹ́lò tí wọ́n kọ 'Ẹ máa tẹ̀lé mi' sí lẹ́yìn. Ẹ yà sọ́wọ́ òsì, kí ẹ dúró níbi ìlà pupa."

Nítorí kí fìlà rẹ̀ má baà wọ́, etí kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Dígí fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kọ́, bí ẹni wọ yẹtí ẹyọ kan. Ohun tó gbọ́ kò ju "yẹ́lò", "òsì" àti "dúró" lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó fi ohùn ńlá wí pé:

"Mo gbọ́! Òsì! Dúró!"

Bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀ o. Ọ̀kan ń gbé ohùn lọ sí ilé gogoro, èkejì ń gbé e lọ sétí èrò. Ti èrò ló tẹ̀.

Ni gbogbo èrò apá òsì bá dìde dúró.

"Ẹ jókòó o! Bàálù ṣì ń rìn!" Olórí àwọn tó ń tọ́jú èrò pariwo.

"Ọ̀gá awakọ̀ ní ká dúró," bàbá kan fèsì, ó ti gbé àpò rẹ̀ há abíyá. "Àbí ẹ̀yin ju ọ̀gá awakọ̀ lọ ni?"

Níwájú bàálù, mọ́tò yẹ́lò méjì ló wà. Kékeré kan dúró lápá òsì, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Táńkà ńlá kan ń lọ lápá ọ̀tún. Ọ̀gá Dígí wo kékeré, ó wo ńlá. Ó ní ńlá ló bá òun mu.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí kọ́," ni igbákejì wí. "Táńkà tó ń kó ìgbọ̀nsẹ̀ inú bàálù nìyẹn."

"Ta ló bi ọ́? Ṣé o ò fẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé yẹn mọ́ ni?"

Ó yí bàálù sọ́tùn-ún. Awakọ̀ táńkà bojú wo dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí imú bàálù lẹ́yìn. Ó yà, bàálù yà. Ẹ̀rù bà á, ó tẹ iná mọ́tò.

"Wò ó bó ṣe ń sáré!" ni Ọ̀gá Dígí wí. "Ó mọ irú ẹni tí òun ń mú lọ."

Ó wá fẹ́ kí èrò. Bọ́tìnnì ti ilé gogoro ló tẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ̀yin èrò mi ọ̀wọ́n, èmi Ọkọ Àwọ̀sánmà ni mo fọwọ́ ara mi gbé yín balẹ̀." Kò gbé ìka kúrò, ó kọjú sí igbákejì. "Tí mo bá ti di olórí báyìí, ilẹ̀ ni wàá ti máa wo bàálù. Alága ńkọ́? Kí ló mọ̀? Kò mọ orí bàálù yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Tàì rẹ̀ ni mo máa ń yìn fún un, tàì tó rí bí ahọ́n màlúù."

Ilé gogoro gbọ́. Lẹ́nu ọ̀nà kẹta, níbi tí wọ́n ti gbé rédíò kan fún alága kó lè gbọ́ ohùn akọni rẹ̀, gbogbo wọn gbọ́. Àwọn oníròyìn yíjú wo tàì. Alága di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ dé ọrùn.

"Bàálù, ibo lẹ ń lọ? Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Ohùn ilé gogoro ti há.

Igbákejì tẹ bíréèkì. Bàálù dúró gbọ̀ngbọ̀n.

"Ta ló ní kó o tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, sà. Tó bá wù yín, ẹ fa ìwé náà ya." Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Dígí tó wo iwájú. Ògiri ló wà níbẹ̀, àti kòtò tí wọ́n ń da ìgbọ̀nsẹ̀ sí. Kò sí ibi tí bàálù lè yí sí. Awakọ̀ táńkà ti bọ́ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín? Mo yà, ẹ yà. Mo sáré, ẹ sáré. Bàálù ò lé mi rí láyé mi!"

Kò pẹ́ tí mọ́tò alága fi dé, kámẹ́rà tẹ̀lé e. Wọ́n gbé àtẹ̀gùn wá, Ọ̀gá Dígí sọ̀ kalẹ̀. Èrò ti fi imú tẹ fèrèsé. Bó ṣe rí kámẹ́rà, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu kó tó rántí ibi tó wà.

"Ọ̀gá awakọ̀," ni alága wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí bàálù hàn mí."

Pẹ̀lú ìkánjú, Ọ̀gá Dígí na ìka sí táńkà.

Ẹ̀rín bú. Alága yíjú sí igbákejì tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ta ló gbé bàálù yìí balẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sí ìjókòó yín. Katakata ń bọ̀ wá fà yín. Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà kẹta, èmi fúnra mi ni mo máa fọwọ́ sí ìwé ìgbéga yín."

Katakata fa bàálù sẹ́yìn, èrò ń juwọ́. Mọ́tò alága kún, kò sí àyè. Ó ku Ọ̀gá Dígí àti awakọ̀ táńkà nínú oòrùn.

"Ẹ wọlé, ọ̀gá," ni awakọ̀ táńkà wí. "Àmọ́ mo ṣì ní bàálù mẹ́ta tí mo máa yà sí."

"Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ gbé mi gbà," ni Ọ̀gá Dígí dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí bàálù àkọ́kọ́, awakọ̀ táńkà na ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì sí i.

"Ẹ bá mi di páìpù yìí mú. Ẹ fà á mọ́ra dáadáa, ọ̀gá. Ó máa ń ta síni lára."