Ìgò Itọ́ Tí Mo Gbé Lọ Fún Dókítà

Ọjọ́ kan wà láyé mi tí n kò lè gbàgbé, bí mo tilẹ̀ fẹ́. Ìbàdàn ṣì dùn-ún gbé nígbà náà. N kò tíì lo ọdún kan nílé ọkọ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ tí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹsẹ̀ mi náà wú, bàtà kò wọ̀ mí mọ́. Gbogbo agbo ilé ń sọ pé ilé ọkọ bá mi lára mu. Nígbà tí ikùn mi wá yọ, ìyá ọkọ mi kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó kàn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Èmi náà gbà pé oyún ni. Ta ni yóò sọ pé òun kò fẹ́?

Àfi pé bí mo bá tọ̀, ó máa ń hó bí omi ọṣẹ. Ìyá bá a nínú póò mi láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ìyàwó, ṣé ọṣẹ lo fi fọ póò, tí o ò wá dà á nù?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ìgbà tí n kò lè mí dáadáa mọ́ bí mo bá dùbúlẹ̀, ó mú mi lọ sí ọsibítù. Dókítà òyìnbó kan la bá níbẹ̀, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ nǹkan kan àfi Yorùbá. Ó gbé ìgò lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ mú itọ́ yín wá lọ́la."

Itọ́ kẹ̀! A délé, mo ń tutọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ. Ìyá sáré lọ sí Ọjà'ba, ó ra àgbálùmọ̀ tó kan gan-an wá. "Mu ún, ìyàwó mi. Ronú ọmọ inú rẹ, kó o tutọ́." Kí ìgò náà tó kún, eyín ti kan mí.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà sókè, ó wò ó yí po.

"Ìyá, kí lẹ mú wá yìí?"

"Itọ́ ni. Dókítà ló ní ká mú un wá."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ìtọ̀ ni wọ́n ń wí!" Ojú dókítà pọ́n bí ata.

Mo lọ tọ̀ wá. Wọ́n gbé e lé iná níṣojú wa, ó sì dì bí funfun ẹyin. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì ni dókítà ní kó bá òun ṣàlàyé.

"Kíndìnrín wọn ló ń jò. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó dà bíi funfun ẹyin, òun ló ń bá ìtọ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Ẹ̀dọ̀ ti rí i pé ohun náà ń dín, ó wá ń ṣe é ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ń jò lọ pọ̀ ju èyí tó ń ṣe lọ. Nígbà tí kò wá tó nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, omi ń jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ sínú ara. Omi ló jẹ́ kí ara wọn wú. Kì í ṣe oyún."

N kò lè wo ojú Ìyá. Mo ń retí kó bú sẹ́kún.

"Ṣé kò ní kú?" ohun tó bi wọ́n nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ní àìsàn náà lè lọ, bí mo bá dúró gba ìtọ́jú.

"Ẹ dá a dúró, ẹ jọ̀ọ́." Ó fà mí mọ́ra. "Ọmọ tí mo ní rèé."

Èmi ni mo sunkún.

Ó pẹ́ kí ara mi tó fà, ṣùgbọ́n ó fà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sanra lójijì, n kì í kí i kú oríire kí n tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí dókítà bá sì ní kí n mú nǹkan wá, mo máa ń bi í pé, "Tòkè ni àbí tìsàlẹ̀?" Wọ́n á máa wò mí. Èmi nìkan ni mo máa ń rẹ́rìn-ín, torí ìyá ọkọ mi tó yẹ ká jọ rín in ti lọ sọ́run.