Ẹ Kó Gbogbo Tìróò Ìdóyẹ Wá Síwájú Ààfin

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdóyẹ, lọ́mọdé lágbà! Ìyá tó ń lé tìróò lọ́wọ́, dúró síbẹ̀! Má lé e sí ojú kejì! Ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí!

Èmi Lábíyì ni mo ń ké. Kábíyèsí ló rán mi.

Gbogbo yín lẹ mọ Adémúyìwá, ọmọ-ọmọ Kábíyèsí, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Ọmọ náà kò jẹun mọ́. Inú ń run ún. Kò ṣeré, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Òjé ló wà níbẹ̀! Òjé o! Irú èyí tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì!

Dókítà bi Olorì Wúràọlá, ìyá-ńlá ọmọ náà: "Màmá, kí lọmọ yìí ń jẹ?"

Olorì ní, "Ògì àti ọmú ìyá rẹ̀ ni."

Ni dókítà bá wo ojú ọmọ. Tìróò dúdú kirikiri! Àràárọ̀ ni Olorì ń lé e fún un, kí ojú rẹ̀ lè tóbi. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á tún ki ọwọ́ bọ ẹnu.

Ọsibítù bá rán Arábìnrin Ìyúnadé wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó jọ èyí tí àwọn onídìrí fi ń mú irun gbẹ. Ohun tó bá na ẹ̀rọ náà sí, á sọ bóyá òjé wà nínú rẹ̀. Tìróò Olorì, òjé! Tìróò Kábíyèsí fúnra wọn, tí wọ́n jogún lọ́wọ́ baba wọn, òjé pọ́nńbélé! Kábíyèsí ní, "Ẹ tún un yẹ̀ wò! Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀!" Wọ́n tún un yẹ̀ wò. Òjé! Kábíyèsí bọ́jú níwájú àwọn ìjòyè. Ojú wọn wá kéré. Olóyè Jagùnmólú rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń ro oko ààfin lọ́wọ́.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Èkíní! Gbogbo tìróò ìlú yìí, ẹ kó o wá síwájú ààfin láàárọ̀ ọ̀la fún àyẹ̀wò. Ẹ má fi pamọ́ sínú gààrí! Mo tún wí, ẹ má fi pamọ́ sínú gààrí! Ẹni tó bá dán an wò, ojú lásán ni yóò fi ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀!

Èkejì! Ọkọ tí kò bá dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn tó bọ́jú tán, kò gbọdọ̀ sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, ta lẹ wá bá?" Ìjìyà rẹ̀: òun ni yóò máa gúnyán fún àwọn àna rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po!

Ẹ̀kẹta! Èyí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Tìróò ò gbọdọ̀ kan ojú ọmọdé mọ́, ì báà ṣe èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ọmọ tí inú bá ń run, ẹ gbé e lọ ọsibítù. Ẹ má kọ́kọ́ bú ìyá rẹ̀.

Olorì Wúràọlá sunkún títí ojú wọn fi wú. Wọn ò gbé ọmọ náà mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló ṣe é léṣe. Ọmọ ti ń mu ògì díẹ̀díẹ̀ báyìí. Láàárọ̀ yìí, ó rákò kọjá ìyá rẹ̀, ó rákò kọjá Kábíyèsí, ó lọ di ìró Olorì mú, ó ń fà á. Olorì gbé e.

Mo ti ké e o! Ẹni tó gbọ́, kó jí ẹni tó sùn. Àdúgbò Ọ̀nà Odò ni mo ń lọ ké e báyìí. Kí Kábíyèsí pẹ́ fún wa!