Àga Tó Mọ Ìdí Olúwa Ẹ̀

Àwọn èèyàn ò mọ ọ̀rọ̀ sọ mọ́ láyé ìsinsìnyí. Àga ò jẹ́ àga mọ́, wọ́n ní "ìtàkùrọ̀sọ láàárín ara àti ilé" ni. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kán, wọ́n ní ó ń ronú!

Ẹni tó kó irú ọ̀rọ̀ yẹn wọ àdúgbò wa ni àbúrò aránṣọ ìtòsí wa, Ọ̀gá Àfihàn, a-wé-síkáàfù-nínú-ooru, òrìṣà tó ń bọ ara ẹ̀.

Ó gba gbọ̀ngàn kan, ó kó bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ àti àga síbẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ìṣó kan ṣoṣo, kò kàn án. Èyí tó wá gbé ságbedeméjì, tó tanná lé lórí, àga ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni.

Ọgbọ̀n ọdún laránṣọ ti fi ń jókòó ránṣọ lórí àga yẹn. Ìbàdí ń dùn ún, àga míì ò gbà á. Ọ̀gá ní òun fẹ́ bá a kùn ún lọ́dà ló fi gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, orí ìdúró laránṣọ ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe gbọ́ pé obìnrin olówó kan fẹ́ ra àga náà gbé lọ sókèèrè, ó forí lé gbọ̀ngàn.

Ó bá àbúrò ẹ̀ lẹ́nu àlàyé fún olówó náà lójú èrò.

"Ẹ wo kòtò inú ìjókòó yìí, mà. Ìdí mi ló gbẹ́ ẹ. Ọdún méje ni mo fi jókòó, mi ò dìde."

"O ò dìde?" laránṣọ wí. "Ta ló wá ń wá jẹun nílé mi láràárọ̀?"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bo àṣírí mi. Màá ra onítìmùtìmù fún yín."

"Fi tìmùtìmù sùn. Àga mi ni mo wá gbé."

Ọ̀gá bá yíjú sí olówó. "Ẹ má dá wọn lóhùn, mà. Àwọn tó ń gbálẹ̀ níbí ni."

Ẹ gbọ́ ná! Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà! Adìẹ tó ń fẹyin pẹ́pẹ́yẹ yangàn, etí odò lojú á ti tì í.

"Kò le," lobìnrin olówó wí. "Ara kì í parọ́. Ọ̀gá, ẹ jókòó ká wò ó."

Ọ̀gá ju síkáàfù sẹ́yìn, ó já ìdí lé àga bí ọba. Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ti yẹ̀, pé ìdí òsì lèèyàn ń kọ́kọ́ gbé lé e, kó tó rọra yí. Àga jù ú nù, gbì! Ẹsẹ̀ dòkè, ṣòkòtò ya fààà. Ọkùnrin kan pàtẹ́wọ́: "Ṣé ara iṣẹ́ ọ̀hún nìyí?"

Aránṣọ gbé àga ró. Ó gbé ìdí òsì lé e, ó yí díẹ̀, ó bá kòtò mu wẹ́kú. Ó mí kanlẹ̀.

Olówó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ, mà. Ẹ máa gbé àga yín lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ látilẹ̀, "ẹ dákun, ẹ bá mi rán ṣòkòtò yìí."

"Gbé àga délé ná."

Ọ̀gá gbé e rù la títì kọjá. Bó bá fọwọ́ méjèèjì di àga mú, ìdí á yọ síta. Bó bá fọwọ́ kan bo ìdí, àga á fẹ́ ṣubú. Níwájú ilé wa níbí ló ti sọ̀rètí nù, tó fọwọ́ méjèèjì di àga mú. Pátá tó wọ̀ sábẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ìdajì ẹ̀ pupa, ìdajì kejì wá...

"Ìyá Àgbà! Omi yín ti ń hó dànù!"

Mò ń bọ̀ o!