Aláṣẹ Bátìrì àti Tówẹ̀lì Ẹ̀

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni Aláṣẹ gbà lọ́wọ́ Màmá Atẹ̀wé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun fi bátìrì tuntun sínú ẹ̀rọ géèmù ẹ̀. Kò tú síkúrúù kan. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rán bàtà ló kan tiẹ̀, mo sì gbọ́: kíbọ́ọ̀dù dún lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún, iṣẹ́ parí.

Ẹ bá mi kí i dáadáa. Aláṣẹ, ọkọ fáànù, baba bátìrì, ẹni tó bú ẹ̀rọ tí ẹ̀rọ bẹ̀bẹ̀! Ẹ̀rọ géèmù kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì mú ló ń tún ṣe. Tó bá so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, ojú ẹ̀rọ á dúdú, lẹ́tà funfun á jáde, Aláṣẹ á fi tówẹ̀lì bo ara ẹ̀ àti ẹ̀rọ. Ó ní ojú aláìmọ̀kan tó bá wò ó á fọ́. Ohun tó bá tẹ̀ síbẹ̀ lẹ̀rọ ń ṣe: kí fáànù inú ẹ̀ yára, kí bátìrì gba iná dé ibi tó bá ní kó dé.

Ibi tó ní kó dé yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Màmá ò fi géèmù ṣeré. Àìsàn ló mú ìka ẹ̀ le, ọsibítù ní kó máa gbá a fún wákàtí kan láràárọ̀. Àtìgbà tí Aláṣẹ ti bá a tún fáànù ṣe, bátìrì ò pé ìdajì wákàtí mọ́, tuntun ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Okùn iná ò dé ìdí àga ẹ̀. Ìka tún ti ń le padà. Àbúrò ẹ̀ ló ń bá a de bọ́tìnnì aṣọ.

Wọ́n ní àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Aláṣẹ wá ebè gùn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá síwájú ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo àdúgbò lè rí bó ṣe ń pàṣẹ. Ó gbàgbé pé kò sí tówẹ̀lì tó lè bo tẹlifíṣọ̀n.

Màmá gbé ẹ̀rọ ẹ̀ dé. Aláṣẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àti kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà funfun jáde, ó mirí fún èrò.

"Màmá, bátìrì yìí ti kú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni ojúlówó."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo fi tuntun sí i, ọmọ mi."

"Ẹ̀rọ ló sọ fún mi, mà. Kì í purọ́ fún èmi."

"Jẹ́ kó sọ fún èmi náà."

Aláṣẹ rò pé àpèlé lásán ni Atẹ̀wé. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì. Ó na ìka líle kan, ó tẹ ọfà tó kọjú sókè lórí kíbọ́ọ̀dù, èyí tó máa ń pe àṣẹ àtẹ̀yìnwá padà. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yọ: kí bátìrì dúró ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ti ọjọ́ fáànù yọ: kó dúró ní ọgbọ̀n. Ó ń kà á sókè bí ẹni ń ka lẹ́tà ọ̀gá.

Aláṣẹ ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹnì kan bi í bóyá fáírọ́ọ̀sì náà ló gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àṣẹ tiẹ̀ fúnra ẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún. Ogójì di ọgọ́rùn-ún. Ẹyọ kan ló fi ju ti Aláṣẹ lọ, ẹyọ kan tó fẹ́ tà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Èrò rẹ́rìn-ín débi pé Aláṣẹ fa tówẹ̀lì bo orí ara ẹ̀.

Èmi ni èrò ní kí n sìn ín lọ dá owó padà nílé Màmá. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la débẹ̀. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ géèmù ẹ̀, ó ní kí Aláṣẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Màmá tó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ẹ̀, ó pé. Bátìrì ò tíì kú.