Ìṣákọ́lẹ̀ Ojú Ọ̀run

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ta ilẹ̀ títí tó fi ku kìkì ibi tó dúró lé, Àjàlá ará Addo ni. Àjàlá Atalẹ̀máṣẹ́kù! Ilẹ̀ tó ti tà láti Ajah dé Ìbẹ̀jú, òun fúnra rẹ̀ ò lè fẹsẹ̀ rìn ín tán. Nígbà tí ilẹ̀ tán, ó gbójú sókè.

Òkè ló ti rí ọjà tuntun. Àwọn ayálégbé rẹ̀ ń gbé àwo pẹlẹbẹ sórí òrùlé, àwo tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì. Láídé, ọ̀kan nínú wọn, ń fi tirẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ òkè òkun ní ìṣirò. Àjàlá bi í léèrè ibi tí sátẹ́láìtì náà wà.

"Wọn kì í dúró lójú kan, Bàbá. Wọ́n ń sáré ni. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ, òmíì á gbà á."

"Orí ilẹ̀ baba ta ni wọ́n ń gbà kọjá?"

"Bàbá, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra."

"Ẹyẹ ò jẹ mí ní nǹkan kan. Sátẹ́láìtì kì í ṣe ẹyẹ. Lọ gbé ọtí wá."

Bí ìṣákọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbé sìnáàpù àti obì wá, Àjàlá á ní kó sọ àwo rẹ̀ kalẹ̀. Láídé náà gbé e wá, iṣẹ́ ẹni ò ṣeé fi ṣeré. Bàbá wá gbé pátákó ńlá sórí òrùlé tirẹ̀, ó ní kí wọ́n ya òun sí i tòun ti fìlà, kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: A Ò TA OJÚ Ọ̀RUN YÌÍ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, ipò olórí ẹbí. Àwọn ẹbí tó wà ní London ní àwọn máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ àti lẹ́nu Sàúdátù àbúrò rẹ̀ lórí fídíò, kí àwọn tó yan ọ̀kan. Ni Àjàlá bá ra àwo tirẹ̀. Ìdí pátákó ló ní kí wọ́n gbé e sí, kó má bàa bo àwòrán òun lójú.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo ayálégbé pé síwájú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Sàúdátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ilé rẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n, ó sọ ọ́ ní ṣókí. Ó wá kan ẹ̀gbọ́n.

"Èmi Àjàlá, tí mo ni ilẹ̀, tí mo ni ojú..."

Nẹ́tíwọ̀kì dákú. Lójú àwọn ará London, Bàbá dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó jí padà, ó sọ pé "ọ̀run," ó tún dákú.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Láídé ní. "Nǹkan kan ló dí àwo yín lójú. Bí sátẹ́láìtì bá ti sáré gba ẹ̀yìn nǹkan ọ̀hún, àwo ò rí i mọ́."

"Kí ló dí i?"

Gbogbo wọn jáde, wọ́n gbójú sókè. Bàbá ń rẹ́rìn-ín sí wọn láti orí pátákó, tòun ti fìlà. Ẹ̀rín pa àwọn ayálégbé débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀.

"Ẹ fà á lulẹ̀," Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. "Ẹ yára."

Wọ́n fi okùn fa orí Bàbá wálẹ̀. Kíá ni nẹ́tíwọ̀kì dé, ohùn London sì já gaara: "A ti yàn o. Sàúdátù ni."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí olórí ẹbí tuntun sọ ò gùn: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dá ọtí àwọn ayálégbé padà."

Àjàlá ń ti ọmọlanke sìnáàpù láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Pátákó wá di òrùlé ilé adìẹ. Títí dòní, abẹ́ fìlà Bàbá ni àwọn adìẹ Addo ń sùn, wọn ò sì gbé ọtí wá.